Iṣan, Ìṣàn àti Ẹran-Ààlà: Èdè-Ìperí fún Àlàyé Ẹ̀jẹ̀ inú Ẹran Tí Ń Mú Ènìyàn Mí

1. Ìfáàrà

Ẹran kan wà nínú ara ènìyàn tí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lè dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ọn. Ẹran náà ni èyí tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Òun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ mímí. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ọ́síjìn àti oúnjẹ wá fún un bí ó ti ń gbé e fún gbogbo ara. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ó sì ń fà gidigidi, líle tí ó le yóò tẹ àwọn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa á jù gan-an ni ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé.

Ká ní olùkọ́ kan fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí ó sì lo àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ohun tí yóò kọ sójú pátákó kò ní jìnnà sí èyí:

(1) Bí iṣan bá fún, iṣan yóò fún, ìṣàn yóò sì dín kù.

Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn (1). Ẹni tí ó ti mọ ohun tí olùkọ́ ń sọ tẹ́lẹ̀ lè tún un tò lọ́kàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ gbólóhùn náà, kò ní rí ohun kan dì mú. Èwo nínú iṣan méjèèjì ni ó fa ọ̀ràn, èwo ni ọ̀ràn sì bá? Ṣé ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà fún?

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni pé àlàyé yìí ṣeé ṣe ní èdè Yorùbá láìlábùlà, bí wọ́n bá kọ́kọ́ ya àwọn nǹkan tí ń ṣiṣẹ́ lórí ara wọn sọ́tọ̀ nípa orúkọ. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí ó jáde lábẹ́ ọwọ́ Ọládélé Awóbùlúyì ní 1990, ti la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 pẹ̀lú fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n gbé ìlànà wọ̀nyí wọ inú ẹ̀kọ́ tí ó ga ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹran ààlà àyà yìí jẹ́ ibi tí ó dára láti dán wọn wò.

2. Ẹran náà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀

Ẹran yìí fẹ̀, kò sì nípọn. Ó tẹ́ bo ìsàlẹ̀ igbá-àyà bí ìgbà tí ènìyàn bá da igbá dé. Ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wà lókè rẹ̀. Ẹ̀dọ̀, àpòlúkù àti ọlọ inú wà ní ìsàlẹ̀. Etí rẹ̀ so mọ́ egungun ìhà, egungun àyà àti egungun ẹ̀yìn. Láti etí wọ̀nyí ni àwọn fọ́nrán ẹran ti gbéra, tí wọ́n sì parí sí àárín, níbi tí iṣan funfun kan tẹ́ pẹrẹsẹ sí. Iṣan àárín yìí kì í sún kì. Fífà ni àwọn fọ́nrán ẹran máa ń fà á wá sísàlẹ̀.

Bí wọ́n bá fà á, òkè igbá tí ó dojú dé náà yóò tẹ́ wálẹ̀. Inú àyà yóò gbòòrò sí i, agbára ìtì tí ó wà nínú rẹ̀ yóò dín kù, afẹ́fẹ́ yóò sì wọlé. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, wíwálẹ̀ yìí kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Bí ó bá mí kanlẹ̀, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ yóò mọ ìlànà náà: fífẹ̀ tí inú ẹwìrì fẹ̀ ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ni ó ń fa ẹwìrì, ẹran yìí sì ń fa ara rẹ̀.

Àṣẹ tí ó ń mú un ṣiṣẹ́ ń ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn wá, láti ibi ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ní agbègbè ọrùn. Okùn méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, ni ó ń gbé àṣẹ náà sọ̀ kalẹ̀ gba inú àyà. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn òpó kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó gba inú ikùn kọjá. Àwọn mìíràn ń bọ̀ láti òkè, láti inú àyà. Àwọn mìíràn sì ń ti àárín àwọn egungun ìhà wá. Gbogbo wọn so kọ́ra nínú ẹran náà débi pé bí ọ̀kan bá dí, àwọn yòókù lè ràn án lọ́wọ́. Láfikún, ihò ńlá mẹ́ta wà lára ẹran yìí: ọ̀kan fún òpó tí ń dá ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ara padà sínú ọkàn, ọ̀kan fún ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀kan fún òpó ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ara.

Ó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìpínrọ̀ mẹ́ta yìí. Ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dárúkọ: fọ́nrán ẹran tí ń fà, iṣan funfun tí wọ́n ń fà, okùn tí ń gbé àṣẹ, àti òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀. Lẹ́nu àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá lójoojúmọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni iṣan.

3. Iṣan mẹ́rin nínú ẹran kan

Ọlọ́jà ẹran máa ń pe ohun líle funfun tí eyín kò lè já ní iṣan. Ẹni tí apá rẹ̀ yi, tí ó sì lágbára, wọ́n á ní iṣan wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì á ní òun ń wá iṣan. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́, wọ́n á ní iṣan ibẹ̀ ti kú. Kò sí ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ lò nínú wọn. Ojú ni àwọn àgbà fi wo ara kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo ohun tí ó bá sì gùn, tí ó rí bí okùn, tí ó gba inú ẹran kọjá, iṣan ni.

Ìjọra orúkọ kì í ṣe àléébù ní ti ara rẹ̀. Kò sí èdè tí kò ní irú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ni ibi tí àwọn ohun tí ó jọ pín orúkọ náà ti ń pàdé. Bí ọ̀kan bá wà lọ́jà tí èkejì wà lóko, wọn kò ní di ara wọn lọ́wọ́. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú gbólóhùn kan náà, tí ọ̀kan ń ṣe nǹkan sí èkejì, ìjọra náà ti di ewu. Èyí ni ìlànà kìn-ín-ní tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀: ìjọra tí ó yẹ kí olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ bẹ̀rù ni èyí tí ó wà láàárín ohun tí ń ṣe nǹkan àti ohun tí wọ́n ń ṣe é sí.

Nínú ẹran ààlà àyà, ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí ara wọn. Nítorí náà, ìpín tí a dámọ̀ràn rẹ̀ nìyí:

(2) a. ẹran-iṣan: ẹran tí ń fà, tí ó sì ń dẹ̀.
b. iṣan: okùn funfun líle tí ẹran-iṣan fi ń so mọ́ egungun tàbí mọ́ ara wọn.
d. òpó ẹ̀jẹ̀: ọ̀nà oníhò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Àlọ ni èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá. Àbọ̀ ni èyí tí ó ń padà sọ́dọ̀ ọkàn.
e. okùn òjíṣẹ́: okùn tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, tàbí tí ń gbé ìròyìn padà.

Ìdí tí (2b) fi gba ọ̀rọ̀ náà láìsí àfikún ni pé òun ni ojú rí, òun ni ọwọ́ sì ń bà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti (2a), àwọn kan lè dábàá ẹran-ìfà, nítorí pé fífà ni iṣẹ́ rẹ̀. Àbá náà dára létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ìfà yóò wúlò láìpẹ́ fún ohun mìíràn nínú gbólóhùn kan náà, ìlànà kìn-ín-ní sì ti kọ irú rẹ̀. Ní ti (2e), ọ̀pọ̀ ti fi ìmọ̀lára kún orúkọ okùn náà. Èyí kò tọ̀nà níhìn-ín, nítorí pé àṣẹ ni okùn inú ọ̀ràn yìí ń gbé ní pàtàkì, kì í ṣe ìmọ̀lára nìkan. Òjíṣẹ́ lè jẹ́ iṣẹ́ àṣẹ, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ìròyìn.

Ó ku orúkọ ẹran náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà sọ ọ́: nípa ìrísí, nípa iṣẹ́, tàbí nípa ibi tí ó wà. Bí wọ́n bá sọ ọ́ nípa ìrísí, ìrísí rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sọ ọ́ nípa iṣẹ́, òun nìkan kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ mímí. Àwọn ẹran-iṣan àárín egungun ìhà àti ti ọrùn ń bá a ṣe é, gbogbo wọn ni ó sì yẹ kí a pè ní ẹran-iṣan mímí. Ibi tí ó wà ni kì í yẹ̀. Ẹran-ààlà ni orúkọ tí ó bá a mu, ó sì dùn mọ́ni pé ọ̀nà kan náà ni àwọn Gíríìkì ìgbàanì gbà: ọ̀rọ̀ tiwọn fún un túmọ̀ sí ọgbà tí wọ́n fi dábùú, tí ó yà ìhín sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀hún.

4. Ìṣàn àti àmì ohùn

Ọ̀ràn kejì fara sin ju ti ìṣáájú lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ nínú ọ̀nà náà. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí òǹtẹ̀wé bá fo àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀, ọ̀nà àti ohun tí ń gba ọ̀nà di ọ̀kan. Ẹ wo gbólóhùn yìí bí ìwé ìròyìn tí kò fi àmì sí i yóò ti tẹ̀ ẹ́:

(3) Iṣan ẹjẹ din ku.

Ṣé iye òpó ni ó dín kù ni, àbí iye ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá? Nínú ẹ̀kọ́ tí ó wà nílẹ̀ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ dá lórí ìyàtọ̀ náà. Ìdáhùn kìn-ín-ní ni pé kí wọ́n má fo àmì ohùn nínú ìwé ìmọ̀ rárá. Ìdáhùn kejì kò gbẹ́kẹ̀ lé òǹtẹ̀wé: kí wọ́n lo ṣíṣàn dípò ìṣàn. Ìdá-apákan-sọ ní iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe náà ti sọ ọ́ di ohun tí kò lè jọ iṣan mọ́, ì báà ní àmì, ì báà má ní. Ó lè ku ẹnì kan tí yóò sọ pé bí gbogbo àmì bá pòórá, títí kan àmì ìsàlẹ̀, ṣíṣàn ẹ̀jẹ̀ yóò jọ sísan ẹ̀jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn ń san ti ń pàdé òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ìlànà kìn-ín-ní kò ka irú ìjọra bẹ́ẹ̀ sí ewu.

Irú ẹ̀kọ́ kan náà wà nínú fún. Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí òpó ẹ̀jẹ̀ mu, nítorí pé ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀, ìfún, súnmọ́ ìfun, ìfun sì wà lábẹ́ ẹran-ààlà gan-an. Ìfúnpọ̀ ni ó yẹ níbẹ̀. Bákan náà, ìfúnpá tí àwọn kan ń lò fún agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpó rẹ̀ kò yẹ níhìn-ín: oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá ni ó ti kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ náà, apá ni ó sì wà nínú rẹ̀. Agbára ìtì ni ó ṣeé lò fún àyà, fún ikùn àti fún òpó ẹ̀jẹ̀ láìsí ìṣòro. Ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú kò lè dúró fún un, nítorí pé àìsàn ni ìyẹn.

5. Ìsúnkì: kíkúrú tàbí fífà?

Ìsúnkì ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ń lò fún ohun tí ẹran-iṣan ń ṣe, kò sì sí ìdí láti lé e kúrò. Ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ kan tí ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí ó sún kì, kíkúrú ni ó kúrú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé èrò aṣọ wọ inú ẹran yóò rò pé kíkúrú ni ó ń tẹ òpó ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá ń ti ògiri lè mú ẹran apá rẹ̀ le koko láìjẹ́ pé ó kúrú rárá. Líle náà, èyí tí agbára fífà bí, ni ó ń ti ohun tí ó wà láàárín àwọn fọ́nrán. Nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ lábẹ́ ìsúnkì: kíkúrú, èyí tí í ṣe ìyípadà gígùn, àti ìfà, èyí tí í ṣe agbára tí ẹran-iṣan fi ń fa ohun tí ó so mọ́. Ìfà ni ó ń nípa lórí ṣíṣàn ẹ̀jẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nínú ẹran-ààlà nìyí. Bí ìfà bá kéré, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, òpó ẹ̀jẹ̀ kò fún pọ̀ tó láti dí ohunkóhun. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i níwọ̀nba, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín inú ẹran náà yóò là sí i, ẹ̀jẹ̀ tí ń wọlé yóò sì pọ̀ ju ti ìsinmi lọ. Ṣùgbọ́n bí ìfà bá ga púpọ̀, ìfúnpọ̀ yóò borí. Ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè wọlé dáadáa nígbà ìsúnkì. Ìgbà tí ẹran-ààlà bá dẹ̀ ni yóò máa rọ́ wọlé láti fi dí àlàfo. Bí iṣẹ́ líle náà bá sì dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ yóò máa wọlé lọ́pọ̀ yanturu fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ń san gbèsè. Ọkàn pẹ̀lú ní irú ìwà yìí: ìgbà tí apá òsì rẹ̀ bá dẹ̀ ni ó ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà.

Gbólóhùn (1) wá di èyí:

(4) Bí ẹran-ààlà bá ń sún kì pẹ̀lú ìfà tí ó ga, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ yóò fún pọ̀, ṣíṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú wọn yóò sì dín kù títí yóò fi dẹ̀.

Gbólóhùn (4) gùn ju (1) lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó ṣe é, ta ni ó ṣe é sí, ìgbà wo ni yóò sì parí?

6. Ìfà àti àkókò

Dídẹ̀ tí ó wà nínú (4) ni ó ṣí ìlẹ̀kùn ìṣirò sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà dídẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ráyè wọlé, a jẹ́ pé gíga ìfà nìkan kò tó láti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Gígùn àkókò ìsúnkì ṣe pàtàkì bákan náà. Ní 1982, François Bellemare àti Alejandro Grassino gbé òṣùwọ̀n kan jáde nípa ẹran-ààlà ènìyàn, èyí tí ó so méjèèjì pọ̀. Òṣùwọ̀n ìfà-òun-àkókò ni orúkọ tí ó bá a mu ní Yorùbá. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí:

(5) Òṣùwọ̀n = (ìfà èémí kan ÷ ìfà tí ó ga jù lọ tí onítọ̀hún lè ṣe) × (àkókò ìmísínú ÷ àkókò èémí kan lódidi)

Ìmísínú ni wọ́n lò nínú (5), kì í ṣe ìmísí, nítorí pé ìmísí ti di ti àwọn wòlíì àti akéwì.

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ẹni tí ó ń mí nígbà 15 ní ìṣẹ́jú kan ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 4 fún èémí kọ̀ọ̀kan. Bí ìmísínú bá gba 1.6 nínú rẹ̀, ìdá rẹ̀ jẹ́ 0.4, ìṣẹ́jú-àáyá 2.4 ni ó kù fún dídẹ̀. Bí ìfà rẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ó ga jù lọ, òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.1 × 0.4, èyí tí í ṣe 0.04. Bí ìfà bá di 0.3 tí àkókò kò yí padà, òṣùwọ̀n di 0.12. Bí ìfà bá sì dúró sí 0.3 síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìmísínú gùn tó 0.6, òṣùwọ̀n di 0.18. Ìfà kò pọ̀ sí i rárá. Àkókò dídẹ̀ ni ó dín kù.

Ìyàtọ̀ àárín 0.12 àti 0.18 kò kéré. Iṣẹ́ 1982 náà fi hàn pé bí òṣùwọ̀n ènìyàn bá wà lábẹ́ nǹkan bí 0.15, ẹran-ààlà lè máa bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, àárẹ̀ yóò dé sí i, bí òṣùwọ̀n bá sì ṣe ga tó ni àárẹ̀ náà yóò ṣe yá tó. Ní 1983, Bellemare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ẹran-ààlà ajá. Ṣíṣàn ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i bí òṣùwọ̀n ti ń ga, títí ó fi dé nǹkan bí 0.2, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Nọ́ńbà ti ènìyàn àti ti ajá kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì yẹ kí olùkọ́ má dà wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ: ìwọ̀n kan wà tí iṣẹ́ ń pe ẹ̀jẹ̀ wá, bí ó bá kọjá ìwọ̀n náà, iṣẹ́ ń lé ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn.

Àárẹ̀ pàápàá nílò ìṣọ́ra. Lẹ́nu ojúmọ́, ẹni tí ó rẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ sinmi. Ẹran-ààlà kò ní ìfẹ́. Àárẹ̀ ẹran-iṣan ni kí ìfà tí ó lè ṣe dín kù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ tí okùn òjíṣẹ́ ń gbé wá kò dín kù, kí ìsinmi sì lè dá agbára náà padà. Nínú ìtumọ̀ yìí, mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lókè ni ó ti pàdé. Bí iṣan bá dúró fún wọn, ìtumọ̀ náà kò ṣeé kọ.

7. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi mọ sí kíláàsì

Ènìyàn lè béèrè pé kí ni àǹfààní gbogbo ìyapa yìí fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ìdáhùn wà nínú yàrá àwọn tí ara wọn kò yá gidigidi. Ní 1983, N. Viires àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò lórí ajá tí ọkàn wọn kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó mọ́. Nínú àwọn tí ń fi agbára ara wọn mí, àwọn ẹran-iṣan mímí gba nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, nǹkan bí ìdá 3 péré ni wọ́n gbà, èyí tí ó ṣẹ́ kù sì ráyè lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà ara mìíràn, títí kan ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀. Kì í ṣe ara tí ó ń ṣàìsàn nìkan ni ọ̀ràn náà bá wí. Ní 1998, Craig Harms, Jerome Dempsey àti ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà sọ pé nígbà tí eléré ìdárayá bá ń gun kẹ̀kẹ́ dé òpin agbára rẹ̀, iṣẹ́ mímí lè gba nǹkan bí ìdá 14 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde.

Bí dókítà bá sọ fún àwọn ẹbí pé àwọn fẹ́ kí ẹ̀rọ bá bàbá wọn mí, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé bàbá ti lọ, pé ẹ̀rọ nìkan ni ó kù. Ògbufọ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ ju iṣan lọ kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Èyí tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó péye lè sọ báyìí:

(6) Ẹran tí bàbá fi ń mí ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ mọ́ ibòmíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí tirẹ̀ gbà tó. Ẹ̀rọ yóò bá a ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ibi tí ó yẹ.

Kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì kan nínú (6). Kò sí irọ́ níbẹ̀ náà. Ẹbí tí ó bá gbọ́ ọ lè gbà, wọ́n sì lè kọ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ ohun tí wọ́n ń gbà tàbí ohun tí wọ́n ń kọ̀.

8. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀

ẹran-ààlà: ẹran-iṣan fífẹ̀ tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn.
ẹran-iṣan mímí: gbogbo ẹran-iṣan tí ń kópa nínú mímí, ẹran-ààlà ni olórí wọn.
iṣan àárín: iṣan funfun tí àwọn fọ́nrán ẹran-ààlà parí sí.
okùn òjíṣẹ́: okùn tí ń gbé àṣẹ tàbí ìròyìn nínú ara.
òpó ẹ̀jẹ̀ àlọ, òpó ẹ̀jẹ̀ àbọ̀: ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkàn àti sí ọ̀dọ̀ ọkàn.
ṣíṣàn ẹ̀jẹ̀: iye ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá láàárín àkókò kan.
ìsúnkì, dídẹ̀: iṣẹ́ ẹran-iṣan àti ìsinmi rẹ̀.
kíkúrú, ìfà: ìyípadà gígùn, àti agbára, nínú ìsúnkì.
ìfúnpọ̀: títẹ̀ tí ẹran-iṣan tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀.
agbára ìtì: agbára tí ohun tí ó wà nínú nǹkan fi ń ti ògiri rẹ̀.
ìmísínú, ìmíjáde: apá méjì èémí kan.
òṣùwọ̀n ìfà-òun-àkókò: èsì ìṣirò (5).
àárẹ̀ ẹran-iṣan: dídín kù ìfà lábẹ́ àṣẹ tí kò dín kù, èyí tí ìsinmi lè wò.

9. Ìparí

Ẹran-ààlà kò mọ iye orúkọ tí wọ́n fún un. Ní èémí 15 ní ìṣẹ́jú kan, yóò sún kì, yóò sì dẹ̀, ní ìgbà 21,600 kí ilẹ̀ tó tún mọ́, ì báà ní èdè-ìperí, ì báà má ní. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ́ni nípa rẹ̀ àti ògbufọ̀ tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Fún àwọn wọ̀nyí, èdè Yorùbá kò ṣe aláìní. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àkójọ òkè yìí, láti inú ọjà, láti inú ilé àti láti ẹnu ọ̀nà òjíṣẹ́ ni wọ́n ti wá. Iṣẹ́ tí ó kù fún olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni kí ó wo ibi tí ohun méjì ti ń pàdé, kí ó sì rí i dájú pé orúkọ kan náà kò bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀.